Bí Màrìwò Ṣe Sọ Mí Di Àfẹ̀yìntì Ní Ọmọ Ọdún Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ní ọjọ́ Sátidé, ni iṣẹ́ ayé mi bẹ̀rẹ̀. Aago yẹn dá mi lójú nítorí pé òun ni ọ̀gá mi fi kí mi káàbọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún lo fi pẹ́. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ti jókòó dè ọ́." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, kí ẹ̀rín náà tó di ẹkún. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà tó ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ kan ló máa ń kọ irú ìtàn báyìí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí nǹkan dì mú. Èmi ò ní ogójì ọdún. Mẹ́jọ péré ni mo ní. Ṣùgbọ́n odindi ni: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní ọjọ́ kan tí àyà mi ṣì ń já nítorí rẹ̀ títí di àárọ̀ òní. Mo ní ìpinnu kan láti ṣe kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó dé, bóyá n óò padà sídìí iṣẹ́ yìí ni o, tàbí n óò fi í sílẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ náà gan-an kò ní orúkọ tó gún régé. Ní Iléṣà, lápá ibi tí ọ̀nà ti já sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìyá àgbà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tísà. Ó kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wá délé, ilé dákẹ́ jù fún un. Ó ní kí wọ́n ta àtíbàbà páànù sí ẹ̀yìnkùlé, ó to àwọn bẹ́ǹṣì kúkúrú síbẹ̀, ó sì ní kí àwọn òbí máa kó ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje wá ní Sátidé àti nígbà ìsinmi. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀. Ohun tí àsìkò bá mú wá ni àwọn ọmọ máa ń fi ọwọ́ ṣe, wọn á jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sílé lọ fi han ìyá wọn.

Mò ń dúró de yunifásítì lọ́wọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni màmá mi àti Màmá Tísà ń lọ, ó sì sú màmá mi bí mo ṣe ń sùn di ọ̀sán. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Ti owó, ó ń san án, kò pọ̀, kò sì jẹ mí rí.

Nígbà ọyẹ́, agbálùmọ̀ ni. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ tán, a ó fọ kóró rẹ̀, a ó sá a, èmi á lu ihò sí i, wọn á sì fi okùn sín in mọ́ ẹsẹ̀ bíi ṣaworo, gbogbo ilẹ̀ á máa ró ṣèkèṣèkè. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, àgbàdo ló kù: a ó fi ṣùkù rẹ̀ ṣe ọmọ, a ó fi háhá rẹ̀ rán aṣọ fún un, irun orí rẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀ láti oko. Nígbà tí ewùrà bá jáde, a ó dín ọ̀jọ̀jọ̀. Bí Iléyá bá ń bọ̀, a ó fi òwú àti páálí ṣe àgbò, nítorí àwọn ọmọ Mùsùlùmí wà láàárín wọn, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ló sì máa ń fẹ́ kí àgbò tiwọn ní ìwo tó tóbi jù. Lóṣù Kejìlá, a ó fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ṣe ìràwọ̀, a ó sì gé ìyẹ̀fun ṣinṣín sí oríṣiríṣi àwòrán kí a tó dín in. Mo mọ̀ pé ó dà bí eré. Èmi náà rò pé eré ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá Tísà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ kankan. Ó mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi, ó kó sísọ́ọ̀sì àti páálí fún mi, ó ní:

"Ọwọ́ òsì ni kí o fi gé e."

"Màmá, ọwọ́ òsì kẹ̀?"

"Ṣé mo ní kí o fi fún mi ní nǹkan ni? Fi ṣiṣẹ́."

Mo fi gé ìràwọ̀. Ohun tí mo gé jọ bàtà tí ajá jẹ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ mú wá, Bọ̀dá Gbóyè, kí n bá yín ṣe é." Ojú tì mí, inú sì bí mi, mo fẹ́ já a gbà padà. Ìgbà yẹn ni Màmá Tísà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mi pé, "Bó ṣe ń ṣe ọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe wọ́n nígbà tí o bá gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ọwọ́ òsì rẹ ni gbogbo ọwọ́ tí ọmọdé ní." Mi ò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí àgbàlagbà tó ń jókòó ronú sí ìdajì kejì òwe yẹn bíi ti Màmá Tísà.

Ó le. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó le débi pé mo máa ń lá àlá rẹ̀. O kò gbọdọ̀ dúró bá ọmọ sọ̀rọ̀. Jókòó tàbí kí o lóṣòó. O kò gbọdọ̀ parí iṣẹ́ ọmọ fún ọmọ. Ọ̀bẹ mẹ́rin ló jáde, ọ̀bẹ mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́. Tí a bá sì ń hun màrìwò lásìkò Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ, kò sí ewé ọ̀pẹ kankan tó gbọ́dọ̀ jáde ní géètì láìjẹ́ pé a ti hun ún di àgbélébùú tàbí òrùka. Èyí tó bá ṣẹ́kù, èmi ni n óò kó o lọ sẹ́yìn kànga. Mo rò pé nítorí ìdọ̀tí ni. N kò bi í léèrè ìdí, òun náà kò sọ ọ́. Bó bá ti pàṣẹ, ó tán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bàbá dúdú, òun náà ló sì fìyà jẹ mí jù. Ẹ ó rin àgbọn, ẹ ó fún omi rẹ̀, ẹ ó gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà, ẹ ó máa rò ó láìsinmi títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa fà. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni àwọn ọmọ á fi òróró pa ọwọ́, wọn á máa yí i róbóróbó. Ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín ìgbà tó jinná àti ìgbà tó jóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jó o níná ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá Tísà wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

"Kí lò ń wò nígbà tó ń jóná?"

"Fóònù mi ni, mà."

"Ṣé fóònù náà dùn?"

Mo ki fóònù bọ àpò.

"Ó dáa. Lá ìkòkò yẹn wò, kí a mọ èyí tó dùn jù nínú méjèèjì."

Mo lá a. Ó korò bíi jogbo. Àwọn ọmọ fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n n kò tún jó o mọ́ láéláé.

Mo wọ yunifásítì ní Òṣogbo, mo ka ètò ọrọ̀ ajé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wọkọ̀ padà sí Iléṣà. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ò yé sọ pé, "Gbóyè oníbàbá-dúdú, ṣé ìyẹn náà lo fẹ́ fi digirì ṣe?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ ọkọ̀ tán, mo máa ń ronú pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá sì dé abẹ́ àtíbàbà, tí ọmọ kan bá gbé nǹkan wíwọ́ kan sókè pé, "Ẹ wò ó, èmi ni mo ṣe é!" gbogbo ìrònú yẹn á fò lọ. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa: ohun tí mo ń sọ kì í ṣe ìdùnnú lásán. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn mi.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Agolo wàrà tí a fi ìṣó lu ihò sí lára ni mo bá níbẹ̀ fún rírin àgbọn, ó ti bó mi lọ́wọ́ àìmọye ìgbà. Ẹ̀rọ tó ń fi iná lọ̀ ọ́ la wá ń lò. Igi ìdáná di gáàsì. Ẹ̀kọ tútù la fi ń lẹ páálí, àwọn eku sì máa ń jẹ iṣẹ́ wa mọ́jú. Gọ́ọ̀mù inú ike gbapò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá. "Bọ̀dá Gbóyè, irú èyí ni kẹ́ ẹ bá wa ṣe ní Kérésì." Mo wò ó: ènìyàn funfun roboto ni, tí wọ́n fi yìnyín mọ. Mo fi han Màmá Tísà. Ó wò ó títí.

"Yìnyín wo ló ń já ní Iléṣà?"

"Òwú ni wọ́n ní ká fi ṣe é, mà."

"Kí ni yóò jẹ, nígbà tí kò ní eyín?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí.

Ọkọ̀ ni irinṣẹ́ tó dé kẹ́yìn. Àwọn òbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà gbọ́ nípa wa, àwọn náà fẹ́ kó ọmọ wá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì yá wa ní bọ́ọ̀sì funfun kan tó ti pẹ́. Bàbá Ráfíù, ọkùnrin Òṣogbo tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ló ń wà á. Á kó ọmọ mẹ́rìnlá wá láàárọ̀, á kó wọn padà ní agogo méjì. Àwọn ìyá wọn á ti jókòó sórí pákó lábẹ́ igi máńgòrò kan ní oríta, wọn á máa dúró. Láàárín wọn ni ìyá àgbà kan máa ń wà, tí gbogbo wọn ń pè ní Yèyé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Tèmi, ọmọ ọdún márùn-ún, òun ló kéré jù nínú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù.

Mo ti dé ibi tí n kò fẹ́ dé. Ẹ fún mi láyè kí n mí.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ tó kọjá yìí ni. Ara àbúrò Màmá Tísà kò yá ní Òṣogbo, ó lọ wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún èmi nìkan. Ó ní, "Ìwọ ni ọ̀gá lónìí." Orí mi wú. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ èyí nítorí pé mo rò pé orí wíwú yẹn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, Bàbá Ráfíù, tó ti kó àwọn ọmọ wá tó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ sinmi, pè pé ibà ti dá òun wó. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ní láísẹ́ńsì, èmi á kó wọn lọ.

Àwọn ọmọ hun màrìwò dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bàbá dúdú kọ̀, kò fẹ́ dì. Mò ń rò ó, mò ń rò ó, aago méjì kọjá, aago mẹ́ta kọjá. N kò fẹ́ kí wọ́n lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó fi máa dì, ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Màrìwò tútù sì ṣẹ́kù bíi ìdì ńlá méjì. Mo fẹ́ gbé e lọ sẹ́yìn kànga nígbà tí Tèmi dì mí ní ṣòkòtò mú.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi ṣe bọ́ọ̀sì lẹ́wà! Kí bọ́ọ̀sì náà lè ṣe Hòsánnà!"

Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Hòsánnà! Hòsánnà!"

Mo rántí òfin. Mo tún sọ fún ara mi pé èmi ni ọ̀gá lónìí. Mo so ìdì kan mọ́ iwájú ọkọ̀ lápá ọ̀tún, mo so èkejì mọ́ apá òsì, mo tún fi díẹ̀ há ara dígí méjèèjì. Mo fẹ̀yìn rìn, mo wò ó, ó rẹwà lójú mi. Mo ya fọ́tò rẹ̀, fóònù mi sì kú bí mo ṣe yà á tán.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti gbé ọwọ́ lérí. Mo mọ ohun tí màrìwò tútù ń sọ níwájú ọkọ̀. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lójú pópó láti kékeré, màmá mi á sì ní kí n yí ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkú ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ní orí mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni màrìwò, ti àwọn ọmọ ni. Ohun méjì tí mo mọ̀ wà nínú orí kan náà, wọn kò sì pàdé.

A gbéra. Wọ́n kọrin díẹ̀, oorun sì gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí wọn wá sálẹ̀ fèrèsé, tí ẹni tó wà níta kò fi lè rí ẹnikẹ́ni. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo tan iná ọkọ̀ méjèèjì. Mo ń rọra wà á nítorí àwọn ọmọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀nà ṣe ń là fún mi. Ọlọ́kadà yà sínú koríko. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà dìde, wọ́n ṣí fìlà. Àwọn tó máa ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró gbé igi wọn kúrò lọ́nà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì mi orí sí mi bí ẹni tó ń báni kẹ́dùn. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ọmọ. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi lé sí mi lójú. Mo ní, àwọn èèyàn wa ṣì dára. Mo juwọ́ sí wọn.

Lójú mi, ìdùnnú yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, n kò lè ṣe é.

Àwọn ìyá ti dúró ju wákàtí méjì lọ. Wọ́n ti pè mí títí, fóònù mi kò lọ. Ní agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, bọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n ń retí yọ ní kọ́nà, ó tan iná, ó ń rọra bọ̀, màrìwò ń fì níwájú rẹ̀, kò sì sí orí ọmọ kankan ní fèrèsé.

Mo gbọ́ igbe náà kí n tó dá ọkọ̀ dúró. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyá kan ju ara rẹ̀ sínú omi òjò. Òmíràn ń fi ọwọ́ méjèèjì lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, "Èwo nínú wọn ni? Sọ fún mi! Èwo nínú wọn ni?" N kò mọ ohun tó ń bi mí. Mo ní, "Gbogbo wọn ni, mà. Gbogbo wọn ló wà níbí."

Ọlọ́run mi. Ohun tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn.

Yèyé dìde dúró lórí pákó. Ó wo màrìwò náà, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú, ó sì ṣubú. Igbe náà ló jí àwọn ọmọ. Ilẹ̀kùn ṣí, Tèmi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àgbélébùú imọ̀ ọ̀pẹ ní ọwọ́ kan, bàbá dúdú ní ọwọ́ kejì, ó ń fi ojú wá ìyá àgbà rẹ̀ kiri: "Yèyé! Mo mú tiyín bọ̀!"

Ọkọ̀ kan náà la fi gbé Yèyé lọ sílé ìwòsàn ní Iléṣà. Èmi ni mo wà á. Ìyá Tèmi, ọmọ tí Yèyé bí, tó ti ń já màrìwò kúrò lára ọkọ̀ bí ẹni tó ń ja ìjà, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ láti oríta títí a fi dé: "Ẹ wò ó, tó bá kú, màrìwò yín ti wà nílẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni Yèyé fi sùn tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru sókè lójijì. Mo jókòó sí kọ̀rídọ̀, n kò jẹun, mo ń gbàdúrà kan ṣoṣo: kó má kú. N kò rántí pé mo gbàdúrà mìíràn.

Màmá Tísà dé láti Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò wo ibi tí mo wà. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá Tèmi, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, níwájú ọmọ tó lè bí. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ pariwo, "Háà, Màmá, ẹ dìde!" Kò dìde. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má wo ọmọ yẹn." N kò mọ̀ pé ojú lè ti ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kí ó sì wà láàyè.

Nígbà tó yá, ó wá jókòó tì mí. Mo ní, "Màmá, èmi ni. Ẹ ti sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ pé kí màrìwò má jáde láìhun. Ṣé mo sọ ìdí?"

"Rárá, mà."

"Mo rò pé ẹni tí wọ́n bí sí Iléṣà kò nílò ìdí. Olùkọ́ tó pàṣẹ tí kò sọ ìdí, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́ni. Ìwọ ló ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni mo ń wò."

Mo mọ òwe tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀: bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. N kò rí iwájú kankan tí n óò wò.

Ní ọjọ́ kẹta Yèyé la ojú, ó sì béèrè omi. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́ ní kọ̀rídọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́ bó ṣe yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Tísà pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn bẹ́ǹṣì ti lọ, ó ti fi wọ́n ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Ilẹ̀ abẹ́ àtíbàbà náà mọ́ fónífóní. Ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. A ti fẹ̀yìn tì."

"Ta ni, mà?"

"Èmi àti ìwọ."

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí!"

"Iṣẹ́ ló ń parí. Kì í bi ènìyàn ní ọjọ́ orí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ti sọ fún yín. Lẹ́yìn náà mo jókòó sí ilẹ̀ ibi tí bẹ́ǹṣì mi wà tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Oṣù mélòó kan ti kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi máa ń kí mi pé, "Ọ̀gá àfẹ̀yìntì, ẹ kú ìsinmi o!" Mo kọ̀wé wá iṣẹ́ káàkiri, ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo sì ti gbà mí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí n bẹ̀rẹ̀. Àga ni wọn yóò fún mi, àti kọ̀ǹpútà, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Màmá mi ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá Tèmi pè mí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Yèyé ní kí ẹ wá. Òun ló ní kí n pè yín o, èmi kọ́."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní fàráńdà. Yèyé jókòó lórí àga, ọ̀pá ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ sinmi lórí itan. Ó wò mí pẹ́.

"Èé ti rí tí o fi rù báyìí? Ṣé ìwọ ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó dé. Ṣé orí ìdọ̀bálẹ̀ lo ti fẹ́ gbọ́ ohun tí mo pè ọ́ fún? Dìde."

Ó ní ìsinmi ilé-ìwé ti dé, àwọn ọmọ àdúgbò ń rìn kiri, Tèmi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní bàbá dúdú lórí iyanrìn, ó ń fi ẹrẹ̀ ṣe é. Ewùrà ti jáde. Fàráńdà òun fẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kí n wá máa jókòó tì wọ́n.

"Yèyé, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà, èmi ò ní fi ọmọ mi sọ́wọ́ rẹ̀. O ti pa mí lẹ́ẹ̀kan, mo sì jí. Ta ló tún kù tí o fẹ́ pa?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba apá kan ẹnu rẹ̀ jáde.

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá Tèmi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Nígbà tí mo ń lọ, ó sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní, "Bọ̀dá Gbóyè, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí mo bá ti rí yín báyìí, igbe ọjọ́ yẹn ni mò ń gbọ́." Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ.

Mo lọ bi Màmá Tísà léèrè. Ó ní, "Má bi mí. Mo ti fẹ̀yìn tì." Màmá mi ní bí mo bá kọ iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí n má pe òun ní ìyá mọ́, ó kàn fi ẹkún sọ ọ́ ni. Tèmi gan-an, kò sẹ́ni tó bi í, ṣùgbọ́n ó ti gbé àpótí kékeré kan sí fàráńdà, ó ní ibi tí èmi yóò máa jókòó sí nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ kọ́gbọ́n: ẹ máa béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti ti fi ọwọ́ ara yín pa ènìyàn lára rí, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Kí ni ẹ ṣe ní ọjọ́ kejì? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti dárí jì mí, ọmọ rẹ̀ kò sì lè wo ojú mi, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.